Igi Dúdú Tí Ó Sọnù

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ará wa nínú Kristi, ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí, kí ẹ fi ṣe ẹ̀kọ́ nínú ilé yín.

Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin ní Adja-Ouèrè níhìn-ín ní píánò àtijọ́ kan. Igi 88 ni ìka ń tẹ̀ lára rẹ̀: 52 funfun, 36 dúdú. Lẹ́yìn Kérésìmesì, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, a bá ọmọkùnrin kan nídìí rẹ̀. Igi dúdú méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kẹta sì di àwátì. A kò bi í léèrè. A bá a wí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì lé e kúrò nínú akọrin.

Nígbà tí a pe káfíńtà, bí ó ti ń fọwọ́ kan àwọn tí ó kù ni wọ́n ń bọ́. Ó fi hàn wá pé gọ́ọ̀mù ìdí wọn ti gbẹ, ó ti di lẹ́búlẹ́bú. Òjò a máa mú igi wú, ọyẹ́ a sì máa mú un súnkì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, gọ́ọ̀mù a já. Ọmọ kankan kò fà á yọ.

Nítorí náà, a ṣí gbogbo wọn. A kọ nọ́ńbà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí bí wọ́n tilẹ̀ jọra, ààyè ọ̀kan kì í gba òmíràn dáadáa. Èyí tí ó ṣì lẹ̀, a fi aṣọ gbígbóná mú ìdí rẹ̀ rọ̀, a fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́ jẹ́jẹ́. A ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, a sì fi gọ́ọ̀mù tí a fi awọ ẹran ṣe lẹ̀ wọ́n padà. A kò lo èyí tí ń gan lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn wa lè rí i ṣí. Nígbà tí a kà wọ́n, 35 ni.

A kó ara wa lọ sí oko àwọn òbí ọmọ náà, lọ́nà Ikpinlè. A bẹ ìyá rẹ̀, a sì bẹ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ó wọlé, ó mú igi kẹrìndínlógójì jáde, ó ti fi àkísà wé e. Ó ní ilẹ̀ ni òun ti ṣa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí òun dá èyí padà.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan kí a tó dá ẹjọ́. Ẹ̀yin òbí, kí a tó na ọmọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè.

Ọmọ náà ti padà sínú akọrin, òun ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ igi tí ó kẹ́yìn. Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù àti etí ìgbọ́ràn. Àmín.