Akika Tí Mo Rí Láàyè

Mo ti fi ẹnu sọ ìtàn yìí níbi ìpàdé wa, àwọn kan sì ní mo fi iyọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n jókòó kí n kọ ọ́. N kò fi iyọ̀ kankan sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé lẹ́kulẹ́jà ni mí ní Ìkòròdú. Ìyá mi ló fi ìsọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Bàbá mi, ọdẹ ni, Ògún ló ń bọ títí ó fi wọlẹ̀. Ewé, egbò, èèpo igi, kán-ún, ọ̀gà gbígbẹ, awọ ọ̀nì, ìpẹ́ akika: kò sí èyí tí babaláwo tàbí oníṣègùn yóò bèèrè tí kò ní bá a lọ́wọ́ mi, bí kò bá sì sí lónìí, yóò wà ní ọ̀la. Ohun tí mo fi rán ọmọ mẹ́rin ní ilé ìwé nìyẹn. N kò tijú rẹ̀.

Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ra ọ̀pọ̀ nínú ẹrù mi. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí. Ẹja wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, òkú àti ààyè. Ẹ ó rí ọ̀yà, ẹ ó rí ìjàpá, ẹ ó rí ọ̀nì tí wọ́n fi okùn di ẹnu rẹ̀. Ẹ ó sì rí akika nínú agbọ̀n, ó ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùkà, kò ní mira. Bí mo ṣe mọ akika fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn: kíká jọ, tàbí gbígbẹ, tàbí ìpẹ́ rẹ̀ nìkan nínú igbá.

Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kí ní, “Mọ́mì, ẹ máa bọ̀, ẹ lọ sinmi nínú igbó.” Mo ní igbó wo? Ṣebí inú igbó ni wọ́n ti bí mi. Ó ní àwọn èèyàn ń sanwó gọbọi láti sùn nínú igbó kí wọ́n lè wo ẹranko láìpa á. Ó ti kọ́kọ́ fẹ́ mú mi lọ sí Mole ní Gánà, níbi tí ilé àlejò wà lórí òkè, tí èèyàn á jókòó sí, tí á máa wo erin tó ń wẹ̀ nínú adágún nísàlẹ̀. Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ mi kò sì gba ọkọ̀ ọjọ́ méjì. Ọgbà ẹranko ti Lẹ́kí, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, a ti lọ síbẹ̀ rí. Mo ti rìn lórí afárá onígi tó so rọ̀ láàárín igi, tó gùn ní mítà 401, mo sì ti búra pé n kò tún gùn ún mọ́ láyé mi. Níkẹyìn, ó rí ilé àlejò kékeré kan, ti aládàáni, yàrá mẹ́rin péré, létí igbó Omo.

Igbó Omo kò jìnnà sí wa. Igbó ìjọba ni, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lápá Ìjẹ̀bú. Àjọ UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì ayé láti 1977. Ó wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí erin ṣì kù sí nílẹ̀ Yorùbá. Láti Ìkòròdú, a gba Ìtóíkìn dé Ẹ̀pẹ́, a gba Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde, a já sí ọ̀nà Benin títí dé J4, lẹ́yìn náà a wọ ọ̀nà eruku.

Ní Ẹ̀pẹ́, mo ní kí ọmọ mi dúró díẹ̀. Ọjà ni mí, n kò lè kọjá Olúwo kí n má yà. Oníbàárà mi ní akika kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo san àsansílẹ̀, mo ní kó bá mi tọ́jú rẹ̀, pé n óò gbà á lọ́jọ́ kẹta tí mo bá ń padà bọ̀. Ọmọ mi wà nínú ọkọ̀, kò mọ nǹkan tí mo ṣe.

Ilé àlejò náà dára. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọ̀n ẹ̀fọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, iná sólà wà. Wọ́n fún wa ní iṣu àti ọbẹ̀ ẹja. Mo bèèrè ẹran ìgbẹ́, ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá, a kì í sè é níbí o.” Ó yà mí lẹ́nu. Àárín igbó, kò sí ẹran ìgbẹ́! Owó tí ọmọ mi san fún alẹ́ méjì, n kò ní kọ ọ́ síbí, kí ẹ má baà bú u.

Ẹni tó ń mú wa wọ igbó jẹ́ ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Bí mo ṣe rí i tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ewé sẹ́yìn láìjẹ́ kó dún, mo mọ̀ pé ọmọ ọdẹ ni. Mo kí i ní kíkí Ògún, ó dáhùn dáadáa. Láti ìgbà náà, Bàbá Ọdẹ ni mò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo bí i lọ́mọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó fi ipa ẹsẹ̀ erin hàn wá. Omi ti kún inú rẹ̀, ó fẹ̀ tó àwo ìfọṣọ. Ó fi ìgbẹ́ rẹ̀ hàn wá, àti igi tó fi ara ha títí ẹrẹ̀ fi gbẹ mọ́ ọn, ó ga ju orí mi lọ. Erin gan-an, a kò rí i. Erin igbó kì í ṣe bíi ti inú tẹlifíṣọ̀n tó ń rìn ní gbangba; ó lè wà lẹ́yìn ewé kó o má mọ̀. Ọmọ mi bínú díẹ̀. Inú tèmi dùn. Mo dúró níbi ipa ẹsẹ̀ yẹn, mo ń rántí gbogbo bí bàbá mi ṣe máa ń ki erin, mo sì ki ìwọ̀nba tí mo rántí. Bàbá Ọdẹ bá mi gbè é níbi tí mo ti gbàgbé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ wà. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ó ní ká wá. Ó ti fi nǹkan pupa bo iná orí rẹ̀. A rìn díẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, a dúró. Ó tan iná náà sí ara igi kan tó wó dùbúlẹ̀.

Akika ni. Ó ń rìn. Ó rọra ń bọ̀ lórí igi náà, ó ń ti ẹnu gígùn rẹ̀ bọ ihò kiri, ó ń wá èèrà. Ó fi èékánná ya igi tó ti jẹrà, a gbọ́ ọ. Lórí ìdí ìrù rẹ̀, ọmọ kékeré kan dì mọ́ ọn, ìpẹ́ ara rẹ̀ ṣì funfun díẹ̀. Nígbà tí ìyá bá sọ̀ kalẹ̀, ọmọ á mì jìgìjìgì, kò ní já.

Ẹ̀yin ará mi, n óò sọ òótọ́ fún yín. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni iye. Mo ti ka ìpẹ́ rẹ̀. Mo ti mọ iye tí ìyá máa pa, mo ti mọ ẹni tí n óò tà á fún. Kí n tó mọ̀, mo ti parí ìṣirò, ẹranko náà ṣì ń rìn níwájú mi. Ìgbà yẹn ni ara mi tutù.

Ọmọ mi sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí pé, “Mọ́mì, ṣé èyí ni ẹ máa ń tà?” N kò dáhùn. Bàbá Ọdẹ ló dáhùn, kò sì wo ẹnikẹ́ni: “Èmi náà ti pa á rí, Ìyá. Mo pa á púpọ̀. Olúwo ni mo ń gbé e lọ.” Àbí ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń rà á ní gbogbo ọdún yẹn? Ó ṣeé ṣe. Àwa méjèèjì kò bèèrè lọ́wọ́ ara wa.

Nígbà tí a padà, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo ni akika ń bí lẹ́ẹ̀kan. Kò ní eyín, kò lè bu ẹnikẹ́ni jẹ. Kíká tó ń ká jọ ni ogun rẹ̀. Kìnnìún lè má rí i tú, ṣùgbọ́n èèyàn á kàn gbé e sínú àpò ni. Ìpẹ́ rẹ̀ yẹn, ohun kan náà ni pẹ̀lú èékánná ọwọ́ wa.

Mo bá a jiyàn o. Mo ní kí wọ́n má di ẹ̀bi ru àwa ẹlẹ́wé-ọmọ. Ní oṣù Keje 2021, àwọn aṣọ́bodè gbá ìpẹ́ akika mú ní Lẹ́kí, ó lé ní 17 tọ́ọ̀nù. Ta ni lẹ́kulẹ́jà tó ní 17 tọ́ọ̀nù? Ìpẹ́ tí mo ń tà láti ọdún dé ọdún kò kún àpò ìrẹsì kan. Ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ń kó ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ti pé jọ sí Johannesburg ní 2016 tí wọ́n fòfin de òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Àwọn baba wa lo akika láti ayébáyé, kò tán. Bàbá Ọdẹ gbọ́ mi tán. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n láyé àwọn baba wa, igbó dé Ìkòròdú.” Mo dákẹ́. Òótọ́ ni. Níbi tí bàbá mi ti ń dẹ ìgbẹ́, ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ kẹta a gba Ẹ̀pẹ́ padà. Mo ti pinnu nínú ọkọ̀ pé n óò ní kí oníbàárà mi tú ẹranko yẹn sílẹ̀, kí owó mi bá a lọ. Ó rí mi lókèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti bá mi ṣe é tán kí ìrìn àjò mi lè rọrùn. Ó ti pa á, ó ti yan án, ó ti fi ìwé bébà wé e. Kò ṣẹ̀ mí. Ohun tí mo ń ní kó ṣe fún mi láti ọjọ́ yìí ló ṣe. Mo san ìyókù owó rẹ̀, mo dúpẹ́, mo gbé e. Ọmọ mi wo ohun tí mo gbé dání, ó ṣí búùtù fún mi, kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ìtóíkìn.

Ó ṣì wà nínú ìsọ̀ mi, lẹ́yìn, lábẹ́ àpò egbò. N kò tíì tà á.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, babaláwo kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi wá, ó ní òun ń fẹ́ ìpẹ́ akika méje. Mo sọ gbogbo èyí fún un. Mo sì bèèrè pé ṣebí Ifá máa ń gba àrọ́pò, pé ṣé kò sí ewé tàbí egbò tó lè dúró fún un. Bàbá kò bínú. Ó ní òun kò lè dá a sọ lẹ́nu òun, òun yóò bi Ifá. Ó ra ewé tó fẹ́ rà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, báwo lo ṣe ní ọmọ rẹ̀ ṣe di ìyá mú?”

Mo na apá mi ọ̀tún, mo gbé ọwọ́ òsì lé e lókè, mo wá rọra ń rìn ín lórí káńtà títí dé ibi òṣùwọ̀n. Bàbá ń wò ó.