Ẹ̀ńjìnnì Àtijọ́ àti Ọwọ́ Tó Mọ̀ Ọ́n Tún Ṣe: Láti Tunga Low Cost ní Mínnà

Ojú títì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ń gbà wá sí Mínnà láti ilẹ̀ Yorùbá lóde òní, ṣùgbọ́n ojú irin ni ọ̀nà tó kó púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa débẹ̀. Ní Tunga Low Cost tí mo ń gbé, tí mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, àwọn Gbagyi, Tápà, Háúsá àti Yorùbá ni wọ́n jọ ń ṣe àdúgbò, tí àwọn ọmọ wọn sì jọ ń lọ sí ilé ìwé. Orúkọ àdúgbò náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé ilé olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n kọ síbẹ̀, fún àwọn tí owó oṣù wọn kò pọ̀. Bí ẹ bá bi ìdílé Yorùbá kan níbẹ̀ léèrè bí baba ńlá wọn ṣe dé Mínnà, kì í pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ìdáhùn yìí: “Rélùwéè ni.”

Ìlú Mínnà kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ iná. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa orúkọ rẹ̀ ni pé àwọn Gbagyi tó tẹ̀ ẹ́ dó a máa pa gbogbo iná ilé nígbà tí ọdún bá yí, wọn a sì dá iná tuntun, tí olúkúlùkù yóò bù lọ sí ààrò tirẹ̀. Pípín iná káàkiri yìí ni wọ́n ní orúkọ náà túmọ̀ sí. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, iná mìíràn tún dé, èyíinì ni iná inú ẹ̀ńjìnnì tó ń fi ooru omi rìn.

Ní 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta 1901. Ó gba Ọ̀ṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá, ó sì dé Jẹ́bbà ní 1909. Wọ́n tẹ̀ síwájú ní òdì kejì odò Ọya títí wọ́n fi dé Mínnà ní 1911. Ojú irin kejì wà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1907 láti Barò, létí odò náà, tó ń lọ sí Kánò. Gómìnà Percy Girouard, ẹni tí iṣẹ́ ojú irin ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó di gómìnà, ló wà nídìí rẹ̀. Mínnà ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, ìjọba sì so ilé iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan ní oṣù kẹwàá 1912. Títí di 1916 tí afárá Jẹ́bbà parí, orí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá odò. Báyìí ni Mínnà ṣe di oríta, tí àwọn oníṣòwò, akọ̀wé, awakọ̀ àti alágbẹ̀dẹ fi ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn mìíràn kò sì padà lọ mọ́.

Èédú àti omi ni oúnjẹ àwọn ẹ̀ńjìnnì ìgbà náà. Nígbà tí wíwa èédú bẹ̀rẹ̀ ní Ẹnúgu ní 1915, ilé iṣẹ́ rélùwéè di ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù. Nígbà tó yá, ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì dé, ó sì gba ipò wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì àtijọ́ di ohun tí à ń rí nínú àwòrán, tàbí tí a ń bá nínú igbó lẹ́bàá ojú irin, tí koríko ti hù bò ó.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà èwe wọn, wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀ńjìnnì ooru ṣe. Nígbà tí mo kó àwọn ọmọ ilé ìwé kan lọ kí wọn, Bàbá ní kí Ìyá gbé kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi jáde. Wọ́n fi èékánná ha inú rẹ̀, wọ́n sì fi ìpẹ́pẹ́ funfun tí omi kànga ti fi sílẹ̀ níbẹ̀ han àwọn ọmọ náà. Wọ́n ní, “Tíṣà, ohun tó ń pa ẹ̀ńjìnnì nìyí. Ọjọ́ orí kọ́.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bàbá. Ìkòkò irin ńlá kan wà lára ẹ̀ńjìnnì ooru tí wọ́n ń pè ní bọ́ílà. Ààrò wà ní ìdí rẹ̀, àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sì la inú omi rẹ̀ kọjá, tí ooru iná àti èéfín ń gba inú wọn lọ síwájú. Omi yóò hó, yóò di ooru. Ní ìta gbangba, omi tó bá di ooru a máa gba àyè tó ìlọ́po 1,600 èyí tó gbà tẹ́lẹ̀. Bí a bá wá sé ooru yìí mọ́ inú irin, agbára ńlá ni. Òun ló ń ti písítìn, tí písítìn fi ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n omi gbọ́dọ̀ bo orí ààrò náà nígbà gbogbo. Bí omi bá fà sílẹ̀, irin orí ààrò yóò pọ́n, yóò rọ̀, ooru yóò sì fọ́ ọ. Nítorí náà ni gíláàsì kan fi wà níwájú awakọ̀, tó ń fi bí omi ṣe pọ̀ tó nínú bọ́ílà hàn án.

Irú ìpẹ́pẹ́ tó wà nínú kẹ́tù yẹn ti dá jàǹbá sílẹ̀ rí. Ní oṣù kẹfà 1995, ní Gardners ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Amẹ́ríkà, ààrò ẹ̀ńjìnnì ooru kan tó ń fa ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bú gbàmù, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tó wà lórí ẹ̀ńjìnnì náà sì fara pa. Omi ti fà sílẹ̀ nínú bọ́ílà, ṣùgbọ́n ìpẹ́pẹ́ ti dí páìpù tó lọ sínú gíláàsì, gíláàsì náà kò sì sọ òtítọ́ fún wọn mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà tún òfin bọ́ílà ṣe. Láti 2000, ẹ̀ńjìnnì ooru tó bá wà lábẹ́ òfin náà gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò àtòkè-délẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ 1,472, tàbí lẹ́yìn ọdún 15, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí kì í ṣe kíkùn lọ́dà àti dídán. Wọ́n ó tú aṣọ irin tó bo bọ́ílà kúrò, wọ́n ó yọ àwọn páìpù inú rẹ̀, wọ́n ó sì ha ìpẹ́pẹ́ àti ìpatà kúrò. Wọ́n ó wọn bí irin náà ṣe nípọn tó níbi gbogbo, wọ́n ó sì gé ibi tó bá ti fẹ́lẹ́ jù, kí wọ́n fi irin tuntun rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ó rọ omi kún bọ́ílà, wọ́n ó sì fún omi náà mọ́ ọn títí agbára rẹ̀ yóò fi ju ti ìgbà iṣẹ́ lọ ní ìdá mẹ́rin kan. Omi ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ooru, nítorí bí irin bá ya, omi yóò kàn jò ni, ṣùgbọ́n ooru lè pa èèyàn. Ó di ẹ̀yìn èyí kí wọ́n tó dá iná.

Ta ló wá ń náwó sórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn ọgbà ìgbafẹ́ wà lára wọn. Ní 1969, àwọn tó ń kọ́ ọgbà Walt Disney World sí ìpínlẹ̀ Florida lọ ra ẹ̀ńjìnnì mẹ́rin ní Yucatán, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ilé iṣẹ́ Baldwin ní Philadelphia ló ṣe wọ́n láàárín 1916 sí 1928, wọ́n sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ojú irin lásán níbẹ̀. Wọ́n gbé wọn lọ sí ibùdó àtúnṣe ọkọ̀ ojú omi ní Tampa, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àlejò ní oṣù kẹwàá 1971 tí ọgbà náà ṣí. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Fred Gurley, ẹ̀ńjìnnì kan ní ọgbà Disneyland ní California. Ní 1894 ni Baldwin ṣe é, ìyẹn ọdún méjì kí iṣẹ́ ojú irin Èkó tó bẹ̀rẹ̀. Ìrèké ló ń fà ní Louisiana tẹ́lẹ̀. Ní 1958 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọdé àti àgbà yí ọgbà náà po. Ní 2009 wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òróró tí wọ́n ti fi dín oúnjẹ ní àwọn ilé ìtura ibẹ̀ di epo fún àwọn ẹ̀ńjìnnì wọn.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àánú ló mú kí wọ́n tún wọn ṣe. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ẹ̀ńjìnnì náà yóò ṣe, wọ́n sì ní àwọn tó mọ bọ́ílà. Níbi tí ọ̀kan nínú méjèèjì yìí bá ti sọnù, irin náà yóò di ohun tí a ń fi òṣùwọ̀n tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní nǹkan àwọn olówó ni èyí, ẹ jẹ́ kí á wo Nairobi ní Kẹ́ńyà. Wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè síbẹ̀ ní 1971. Ẹ̀ńjìnnì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Mount Gelai wà níbẹ̀, tí wọ́n tún ṣe títí ó fi tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ọ̀rọ̀ kan sì wà níbẹ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yà 29, tí ilé iṣẹ́ North British ní Glasgow ṣe fún Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ara ẹ̀ńjìnnì “River” ti Nàìjíríà ni wọ́n ti yàwòrán wọn. Ọ̀kan nínú ẹ̀yà yìí wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Ọmọ Kẹ́ńyà lè fi ọwọ́ kan ọmọ ìyá ẹ̀ńjìnnì tó ń fọn fèrè ní Mínnà nígbà kan rí, ṣùgbọ́n ọmọ Tunga Low Cost kò rí èyí tí yóò fọwọ́ kàn nítòsí.

A kò ṣàì ṣe nǹkan kan nílé o. Ní ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, Èkó, ilé òyìnbó kan tí wọ́n kọ́ ní 1898 wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House. Ẹgbẹ́ Legacy àti ilé iṣẹ́ rélùwéè Nàìjíríà tún un ṣe ní 2010, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tí a ti lè rí àwòrán àti ohun èlò àtijọ́. Ọkọ̀ èrò láti Èkó sí Kánò tún padà gba ojú irin àtijọ́ kọjá ní oṣù Kejìlá 2012, wọ́n sì ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn ní 2021. Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì ló ń fa gbogbo wọn, kò sì sí ohun tó ní kí ọ̀dọ́ kan kọ́ iṣẹ́ bọ́ílà mọ́.

Ohun tó wà nínú ewu nìyí, ẹ̀yin òbí. Irin lè dúró nínú òjò fún ogójì ọdún kí ẹni tó fẹ́ ẹ tó dé. Ìmọ̀ kò lè dúró bẹ́ẹ̀, nítorí inú èèyàn ló ń gbé. Àwọn tó mọ ìró tí ìṣó bọ́ílà ń dún nígbà tó bá ti ya, tí wọ́n mọ̀ ọ́n nípa fífi òòlù kàn án, ti di arúgbó ní Mínnà, ní Kàdúná, ní Ọ̀ṣogbo àti ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà. Bí wọ́n bá lọ, tí ọlọ́rọ̀ kan sì dìde lọ́jọ́ iwájú pé òun fẹ́ tún ẹ̀ńjìnnì kan ṣe fún àwọn ọmọ wa, òkè òkun ni yóò ti lọ wá ẹni tí yóò ṣe é.

Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì bá wà ní ìdílé tàbí ní àdúgbò yín, ẹ rán ọmọ sí wọn nígbà ìsinmi ilé ìwé pẹ̀lú ìwé àti gègé. Kí ọmọ náà béèrè orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí àgbà náà bá fi sọ ọ́. Bí òòlù, sípánà tàbí ìwé iṣẹ́ àtijọ́ bá wà nínú yàrá ẹrù, ẹ má ṣe tà á fún oníirin àlòkù. Bí ẹ bá sì dé Èkó, ẹ mú àwọn ọmọ yà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, kí wọ́n rí ibi tí ọ̀nà tó gbé wa wá sí Mínnà ti bẹ̀rẹ̀.