Ẹ Má Tíì Da Ọ́kíìdì Yẹn Nù
Àwa tá à ń ta òdòdó l'Ékòó, ọ́kíìdì mẹ́fà la ti kó dà sí ààtàn, irú tí òdòdó ẹ̀ jọ labalábá. Òdòdó rẹ̀ dànù, a ní ó ti kú. Owó gidi nìyẹn! Èkeje la gbàgbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nínú yàrá tí AC máa ń ṣiṣẹ́ lóru (tíná bá wà). Nígbà tó yá, ọ̀pá òdòdó tuntun yọ. Àṣé ooru òru ni kì í jẹ́ kó tanná! Òtútù bíi 18°C ló ń fẹ́ lóru, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kóòrùn ọ̀sán pa á. Tí gbòǹgbò ẹ̀ bá ṣì ní àwọ̀ ewé, omi ṣì wà níbẹ̀. Tó bá funfun, ẹ bomi rin ín. Oníbàárà ti ń bèèrè èyí tó kù. A ò tíì tà á.