Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Kòkòrò Lórúkọ

Bí ọyẹ́ bá ti ń lọ, tí oòrùn wá ń mú, ewéko inú ike kì í gbádùn ní Ògùnpa. Ilẹ̀ tí a lè fi dáko kò sí ní agboolé wa, nítorí náà inú ike ọ̀dà ni Ìyá àgbà ń gbin tòmátò àti ata rodo sí ní ẹ̀yìnkùlé. Eruku ọkọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n mí. Lọ́dún yìí, ewé tòmátò bẹ̀rẹ̀ sí í ní ààmì funfun wínníwínní, bí ẹni pé wọ́n wọ́n gààrí sí i lára. Kò pẹ́ tí ewé náà fi pọ́n, tí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ sì ta bo orí igi.

Oníkálukú ló ní ohun tó pè é. Àwọn kan ní ọyẹ́ ni. Alájọgbélé wa kan ní ojú ayé ni. Ẹlòmíràn rí òwú yẹn, ó ní aláǹtakùn ni. Ni Ìyá àgbà bá kọjú sí mi: "Ìwọ tó ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, kí ni Yorùbá ń pe èyí?"

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí irú ìbéèrè yẹn ṣe ń dun ni. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ni mo bá kọ́kọ́ wo ilé kòkòrò náà. Mo tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ẹ̀ka kan, mo sì fi ìka gbọn ẹ̀ka náà. Ohun tó já bọ́ dà bí eruku, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, eruku bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ nípa ewéko fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ó ní kí n ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́jọ ni.

Ẹsẹ̀ mẹ́jọ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni eṣinṣin, èèrà àti tata ní. Ìdílé kan náà ni èyí àti eégbọn ti wá, aláǹtakùn sì jẹ́ ìbátan wọn. Abẹ́ ewé ló ń gbé, ó ń gún ewé lẹ́nu, ó sì ń fa omi ara rẹ̀ mu. Ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló fẹ́ràn. Nígbà ooru, ọ̀sẹ̀ kan lè tó kí ẹyin rẹ̀ di àgbà.

Alájọgbélé wa ti ra oògùn kòkòrò, ó fín in sí ata tirẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ oògùn tó ń pa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kì í ran èyí, ṣùgbọ́n ó máa ń pa àwọn tó ń pa á jẹ.

Ìlú Ìbàdàn wa yìí mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ní 1971, wọ́n rí ìbátan rẹ̀ kan tó jẹ́ aláwọ̀ ewé lára ẹ̀gẹ́ ní orílẹ̀-èdè Uganda. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì tàn ká ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ IITA, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Láti Brazil ni wọ́n ti mú Typhlodromalus aripo, tí òun náà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì tú u sínú oko ní orílẹ̀-èdè Benin ní 1993. Lójú ọ̀sán, orí ẹ̀gẹ́ ló ń sá pamọ́ sí. Tó bá di alẹ́, a bọ́ sórí ewé lọ ṣọdẹ.

Ní tiwa, omi ni a fi jà. A gé ewé tó ti bàjẹ́ jù dànù, a sì ń da omi sí abẹ́ ewé tó kù láràárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ẹyin kì í bá omi lọ tán lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń tọ́jú igi juniper kékeré inú àwo, èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní bonsai, bébà funfun àti omi yìí kan náà ni wọ́n ń lò. Nínú ike márùn-ún, mẹ́ta yè.

Ó wá ku orúkọ. Bí a bá pè é ní "aláǹtakùn pupa" bí òyìnbó ṣe ń pè é, ọmọdé á máa pa aláǹtakùn gidi tó ń bá wa jẹ eṣinṣin. Bí a bá pè é ní "kòkòrò ewé" lásán, oògùn kòkòrò la ó sáré lọ rà. Èmi pè é ní eégbọn ewé. Kò sí ẹni tí ajá rẹ̀ ní eégbọn tó máa ní ojú ayé ni. Abẹ́ etí ajá ni yóò wò, yóò tu ú, yóò sì padà wá wò ó lọ́jọ́ mìíràn. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ti sọ ìtọ́jú.

Ìyá àgbà gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí òbí yín ń dáko ẹ̀gẹ́, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè nígbà ìsinmi. Bí oko bá ti ní orúkọ tirẹ̀ fún un, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Tìrẹ̀ ni kí a mú.