Ìyá Oníwàgàsì

Parakou jẹ́ ìlú ńlá ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọjà Arzèkè wà ní ìlú náà. Wọ́n ń ta wàgàsì níbẹ̀.

Wàgàsì ni wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń ṣe. Wọ́n á gbé wàrà màlúù ka iná. Wọ́n á fi oje ewé bọmubọ́mú sí i, wàrà náà á sì dì. Bí a bá dín in nínú òróró, ó máa ń dùn púpọ̀.

Ìyá kan ń dín wàgàsì tà ní Parakou. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì kẹta.

Ìyá yìí fi 12,000 fráǹkì bẹ̀rẹ̀ òwò. Lójoojúmọ́, ó ń ra wàgàsì 6,000 fráǹkì. Ó ń gé e sí ẹyọ 100. Ó ń ta ẹyọ kan ní 75 fráǹkì. Kí oòrùn tó wọ̀, àwo rẹ̀ á ti ṣófo. Á ka owó, á jẹ́ 7,500 fráǹkì. Á ní, "Mo ti jèrè 1,500 lónìí!"

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ìyá tú gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀. 7,500 péré ni ó kù. Kò tó ṣe ọjà ọjọ́ kejì mọ́. Ìyá káwọ́ lérí.

"Ta ni ó jí owó mi?"

"Ẹ má bínú, Màmá," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Bóyá kò sí ẹni tí ó jí i. Ẹ jẹ́ kí a kọ gbogbo ohun tí ẹ ń ná sílẹ̀."

Ó mú síléètì rẹ̀, ó kọ ọ́ báyìí:

Wàgàsì: 6,000
Òróró: 1,800
Èédú: 500
Ata àti iyọ̀: 300
Owó alùpùpù: 400
Àpapọ̀: 9,000

"Áà! Mi ò ka òróró mọ́ ọn," ni ìyá wí. "Mi ò ka èédú náà!"

"Màmá, 9,000 ni ojú owó yín. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, ojú owó ẹyọ kan jẹ́ 90 fráǹkì. Ẹ sì ń tà á ní 75. Ẹ ń pàdánù 1,500 lójoojúmọ́. Èrè mélòó ni ẹ fẹ́?"

Ìyá ronú. "Bí mo bá rí 1,000 lójúmọ́, yóò tó wa."

Ọmọ náà fi 1,000 kún 9,000. Ó di 10,000. "Ẹ ta ẹyọ kan ní 100 fráǹkì, Màmá."

"Bí wọ́n bá ní ó ti wọ́n jù ńkọ́?"

Ọmọ náà kò lè dáhùn.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ra ìdajì gbogbo nǹkan. Wọ́n gun alùpùpù lọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀. 4,500 ni wọ́n ná. Ẹyọ 50 ni wọ́n dín.

Bàbá kan dé. "Ìyá oníwàgàsì, 75 ni mo rà á lánàá!"

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, mo ṣi ìṣirò ṣe ni. Ó ti di 100."

Bàbá ná an sí 85. Ìyá wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà mi orí, nítorí 85 kò tó ojú owó. Ìyá bá bu ata sí i fún Bàbá, ó fi ṣe èènì. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó san 100.

Àwọn mìíràn kò rà, wọ́n lọ. Ilẹ̀ ti ṣú kí ọjà tó tán. Ìyá ka owó, ó jẹ́ 5,000. Kò pọ̀ tó ti àná. Síbẹ̀, ìyá so 4,500 mọ́ etí ìró rẹ̀ fún ọjà ọ̀la. Ó fún ọmọ rẹ̀ ní 500 tí ó kù.

"Sọ ọ́ sínú kóló," ni ó wí. "Èyí ni èrè wa."

Ìbéèrè
1. Kí ni ìyá kò kà mọ́ ojú owó rẹ̀?
2. Bí òróró bá fi 500 fráǹkì wọ́n sí i, èló ni ojú owó ẹyọ 100 yóò jẹ́? Èló ni ti ẹyọ kan?