Orúkọ Mẹ́fà Láti Ẹ̀pẹ́
Nígbà tí ìdìbò dá ìjà sílẹ̀ ní Enugu lọ́dún 2019 láàrin Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà, tí Chinua Achebe kọ́kọ́ ṣe ààrẹ rẹ̀ lọ́dún 1981, mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló kan ẹgbẹ́ kékeré tiwa, àwa ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́.

Èmi akọ̀wé ni mo yọ orúkọ mẹ́fà láti Ẹ̀pẹ́ kúrò nínú ìwé ìdìbò, torí pé owó ẹgbẹ́ wọn pẹ́ dé. Ìbò mẹ́ta péré sì ni alága fi borí! Mo wọkọ̀ lọ bẹ̀ wọ́n. Màmá akéwì kan bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé owó lẹ fi ń ka èèyàn ní Ìkòròdú?" Èsì kò sí lẹ́nu mi.

A tún ìbò náà dì, lọ́dọ̀ wọn. Alága kan náà ló wọlé, pẹ̀lú ìbò kan. Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.