Nígbà Tí Ẹnu Èèyàn Ń Gbé Orúkọ Ọjà Kiri

Ẹni tó bá ti ra Alábùkún rí kò ní í ṣàì mọ ojú ọkùnrin tó wà lára rẹ̀. Jacob Sogboyega Odulate ni. Ọmọ Ìkòròdú ni, àmọ́ Abẹ́òkúta ló ti rí já jẹ, ibẹ̀ náà ló sì ti gbé oògùn oníyẹ̀fun yẹn jáde ní 1918. Blessed Jacob ni wọ́n ń pè é, inú ìnagijẹ yẹn ló sì ti fa orúkọ oògùn rẹ̀ yọ. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ baba náà ni pé kò fi ọ̀rọ̀ mọ sórí oògùn nìkan. Ó ń tẹ ìwé kan jáde, Alabukun Almanac. Ẹni tó fẹ́ ka ọjọ́ de ìgbéyàwó, ẹni tó fẹ́ mọ ọjọ́ tí oṣù máa parí, inú ìwé Alábùkún ló máa wò. Odidi oṣù méjìlá, orúkọ ọjà ò kúrò nílé, kò sì sẹ́ni tó ka ìpolówó sí wàhálà.

Mo mọ àwọn oníṣòwò lónìí tí gbogbo ìpolówó wọn kò ju status WhatsApp lọ. Wákàtí 24, ó ti pòórá. Ẹni tí kò sì ní nọ́ńbà wọn tẹ́lẹ̀ kò lè rí i rárá.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní branding, tí wọ́n ń gbowó gọbọi kí wọ́n tó kọ́ èèyàn, ìṣe ojoojúmọ́ ni lọ́wọ́ baba bíi Odulate. Orúkọ kan, ojú kan, ìdì kan tí ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé lè dá mọ̀ lórí àtẹ. Wọn kì í yí i padà torí pé ọdún tuntun dé. Mo máa ń ronú kàn án nígbà tí mo bá rí ilé oúnjẹ tó ti pààrọ̀ orúkọ àti àwọ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárín ọdún kan, tó wá ń ṣe kàyéfì pé àwọn oníbàárà ò wọlé mọ́.

Pátákó ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Kí flex, pátákó ọ̀rá tí ẹ̀rọ ń tẹ̀, tó gba ìgboro, àtísì ló ń kọ ọ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ kíákíá. Á kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun kun páànù, á jẹ́ kó gbẹ. Á fi ṣọ́ọ̀kì pa okùn tẹ́ẹ́rẹ́, á fà á le láti etí dé etí, á ta á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìlà á sì hàn gbọnrangandan. Orí ìlà yẹn ló ti máa fi ṣọ́ọ̀kì to lẹ́tà kó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ti onígbàjámọ̀, orí mẹ́fà tí gígé irun wọn kò jọra. Ti aránṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ àti obìnrin tó ró ìró tó bá a lára mu. Tó bá parí, á lọ sí igun ìsàlẹ̀, á kọ orúkọ tirẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀ wínníwínní. Ẹni tí pátákó náà bá wù ti mọ ibi tó máa gbà. Iṣẹ́ ẹnì kan ń jẹ́rìí fún iṣẹ́ ẹlòmíì, láìsan kọ́bọ̀.

Flex yá ju ìyẹn lọ, ó sì dínwó, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí wọ́n wà jáde lórí ayélujára ló wà lára èyí tó pọ̀ jù, obìnrin kan náà tó ń rẹ́rìn-ín lórí pátákó onídìrí mẹ́ta ládùúgbò kan ṣoṣo. Òòrùn á pa á láìpẹ́, orúkọ á ṣá, nọ́ńbà fóònù á sì kù díẹ̀ káàtó.

Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ni mo fẹ́ ká dúró sí jù. Àwọn obìnrin tó sọ àdìrẹ Abẹ́òkúta di ohun tí ayé mọ̀ kò gbé pátákó kọ́ fún aṣọ wọn. Iṣẹ́ ara aṣọ náà ló ń jẹ́ orúkọ. Olókun wà, Súnbẹ̀bẹ̀ wà, Ìbàdàn Dùn wà, èyí tí wọ́n ya àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn sí, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, wọ́n ya ọba àti olorì sára aṣọ, wọ́n pè é ní Jubilee. Oníbàárà kì í dé ọjà kó ní òun ń wá aṣọ aláró. Orúkọ ló máa dá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò sì lè sọ ọwọ́ ẹni tó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i, bí ẹ ṣe ń mọ ìkọ̀wé ọmọ yín. Àwọn olówò wá láti Senegal, wọ́n wá láti Gold Coast tó di Gánà lónìí, wọ́n ń rà á ní ìdì ìdì. Ta ló júwe ọ̀nà fún wọn? Ẹni tó ti rà á rí ni.

Ẹnu tó ń gbé orúkọ náà lè fọ́ ọ. Láàárín ọdún 1920 sí 1939, aró òyìnbó àti sódà tó lágbára wọ ilé aró. Iṣẹ́ ń yá, àmọ́ ẹni tí kò mọ ìwọ̀n sódà ń ba aṣọ jẹ́, aṣọ ń gbó kó tó yẹ kó gbó, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ọ̀rọ̀ náà dé ààfin. Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fòfin de aró òyìnbó àti sódà náà. Àwọn aláró kò gbà, wọ́n gbé e dé iwájú ìjọba, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì jókòó lé e lórí ní 1936. Ẹ wo bí ohun tó ń jà ṣe tóbi tó: kì í ṣe orúkọ obìnrin kan, orúkọ Abẹ́òkúta lódindi ni. Gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́, gbogbo wọn ló lè bà á jẹ́, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lónìí, ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ ra àdìrẹ fún ìgbéyàwó kì í ránṣẹ́ sílé mọ́. Ó yọ fóònù, ó tẹ "adire fabric", ó dúró. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lè jẹ́ aṣọ tí ọwọ́ ènìyàn kankan kò rẹ láró, tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà tẹ̀ jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún yáàdì. Ẹni tó ń tà á lè má mọ ewé ẹ̀lú lójú. Ohun tó mọ̀ ni bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò: irú aṣọ, àwọ̀, iye yáàdì, ìlú tí wọ́n ti ń fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ìṣàwárí, irú bíi Google, ò ní ọwọ́ tó máa fi tọ́ aṣọ wò, kò ní imú tó máa fi gbọ́ òórùn aró. Ọ̀rọ̀ ló gbára lé jù. Bí ìyá tó ń rẹ àdìrẹ gidi ní Ìtòkú kò bá kọ ọ̀rọ̀ kankan síbì kankan, lójú ẹ̀rọ kò sí láyé.

Ó dùn mí, torí èrò tó bí Google kò jìnnà sí ti ọjà wa. Larry Page àti Sergey Brin, tó dá a sílẹ̀ ní 1998, gbà pé ojúewé tí ọ̀pọ̀ ojúewé mìíràn ń tọ́ka sí ló yẹ kó ṣáájú. Àtísì tó ń kọ orúkọ rẹ̀ sígun pátákó ti mọ èyí ṣáájú wọn. Lẹ́yìn náà ni Google fi ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn kún èrò yẹn. Fún ṣọ́ọ̀bù tó ní ojúlé, Google fúnra rẹ̀ sọ pé ohun mẹ́ta ni òun ń wò: bóyá ohun tí ẹ ń tà bá ohun tí oníbàárà ń wá mu, bí ẹ ṣe jìnnà sí i tó, àti bí orúkọ yín ṣe gbajúmọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ tó pọ̀ nílẹ̀ yìí. Lórí pátákó, Olúwatóyìn Ventures. Lórí Instagram, orúkọ ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ ṣí i, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta tí kò nítumọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lórí WhatsApp, Mummy T. Lára ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà, nọ́ńbà fóònù tó ti kú láti ọjọ́ tí SIM ti sọnù. Ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ọ̀kan tí "àdìrẹ" ti fara hàn. Èèyàn á rí ọ̀nà gbé e gbà. Ẹ dé Ìtòkú kí ẹ béèrè ìyá tí Olókun rẹ̀ máa ń dúdú mìnìjọ̀, ọmọdé á fà yín lọ́wọ́ débẹ̀. Ẹ̀rọ ò lè fà yín lọ́wọ́. Ènìyàn mẹ́rin tí kò mọra wọn ló rí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣòwò, ibi tí mo máa ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kò gba owó. Ẹ mú orúkọ kan, kí ó sọ ohun tí ẹ ń tà, kí ẹ kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo, lẹ́tà sí lẹ́tà, pẹ̀lú nọ́ńbà kan àti àdírẹ́sì kan. Google kò fẹ́ kí èèyàn kó ọ̀rọ̀ kún orúkọ tí kò sí lára ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí náà orí pátákó gan-an ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ṣí Google Business Profile, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi wákàtí tí ẹ ń ṣílẹ̀kùn sí i, kó sì jẹ́ òtítọ́, torí ẹni tó wọ ọkọ̀ láti Ṣàgámù tó bá ilẹ̀kùn ní títì kò ní í padà wá. Fọ́tò tí ẹ yà fúnra yín ni kí ẹ lò. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀: àdìrẹ ẹlẹ́kọ, Súnbẹ̀bẹ̀, yáàdì márùn-ún, a fọwọ́ rẹ ẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì, ẹ tún kọ ọ́ láìsí àmì, torí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá a kì í fi àmì tẹ̀ ẹ́.

Bí agbára bá ká a, ẹ ní ìkànnì tiyín tó máa ń tètè ṣí lórí fóònù, kí ẹ má fi gbogbo ẹrù yín sílé onílé. Ẹ gba àdírẹ́sì rẹ̀, ì báà ṣe .com tàbí .com.ng, ní orúkọ ara yín. Mo ti rí ibi tí ọ̀dọ́kùnrin tó bá oníṣòwò kan kọ́ ìkànnì fi orúkọ tirẹ̀ gbà á. Ọjọ́ tí wọ́n jà ni ó gbé e lọ. Ẹ má sì rò pé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ yín ní àjọ CAC ti sọ àmì ọjà yín di tiyín nìkan. Ọ̀tọ̀ ni ti trademark, ọ̀tọ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀ l'Ábújá. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ mówó wá, òun máa fi yín sípò kìíní lórí Google títí ayé, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ipò tí wọ́n ń tà ni ti ìpolówó, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí i lára pé ìpolówó ni. Ìyókù kì í ṣe títà. Àwọn tó ń ta ìràwọ̀ márùn-ún èké náà wà, Google ń pa irú rẹ̀ rẹ́ nígbà tó bá já a.

Mi ò ní parọ́ pé ayé àtijọ́ dára fún gbogbo èèyàn. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ kì í ṣe aláró, tí kò ní ẹbí lágbo ilé aró, ó lè rẹ aṣọ tó dára jù, kó má sẹ́ni tó máa dárúkọ rẹ̀. Lónìí, fóònù kan lè mú un dé Houston. Ó tó ohun tí èèyàn ń yọ̀ sí.

Ohun tó ń ṣe mí ni ti ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá júwe aránṣọ fún yín nígbà yẹn ti dúró fún un. Bí aránṣọ bá ba léèsì jẹ́, ilé ẹni tó júwe rẹ̀ lẹ kọ́kọ́ máa gbà lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa bá yín kan ilẹ̀kùn aránṣọ. Ìràwọ̀ márùn-ún láti ọwọ́ ẹni tí fọ́tò rẹ̀ jẹ́ òdòdó, ilé ta lẹ máa gbà lọ?

Ẹ̀yin oníbàárà, ọwọ́ yín ni èyí tó kù wà. Aṣọ tí a ti rà tó tẹ́ wa lọ́rùn, tí a kàn yin ẹni tó ṣe é lójú ẹ̀, tí a wá gba ilé lọ, kò níye. Ẹ wá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí Google lálẹ́ òní. Ẹ fi orúkọ yín gidi kọ orúkọ aṣọ tí ẹ rà, ọdún tí ẹ ti ń fọ̀ ọ́, àti bóyá aró rẹ̀ ṣì wà. Bí aró bá ti ṣá, ẹ kọ ìyẹn náà.